Afẹ́fẹ́ Tó Gba Ẹ̀yìnkùlé Wọlé: Bí A Ṣe Ń Wá Ibi Tí Fákúùmù Ti Ń Jò Lára Ẹ́ńjìnnì, àti Bí A Ṣe Ń Tún Un Ṣe

Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́, mọ́tò dúró sójú kan, ẹsẹ̀ yín ò sì sí lórí iná rárá. Síbẹ̀, abẹ́rẹ́ tó ń ka ìyípo ẹ́ńjìnnì ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, bí ẹni tó ń mí gúlegúle. Tàbí kó lọ dúró sókè ní 1,300 tàbí 1,500, kó kọ̀ láti sọ̀. Iná ẹ́ńjìnnì ti tàn lójú dáṣíbọ́ọ̀dù. Bí irú ọkọ̀ yìí bá bọ́ sọ́wọ́ ẹni tí kò ní sùúrù, ó lè pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, kó pààrọ̀ kọ́ìlì, kó tún ní kí ẹ lọ ra sẹ́ńsọ̀, kí mọ́tò sì máa ṣe ohun tó ń ṣe tẹ́lẹ̀. Mo ti rí ọkọ̀ tí wọ́n ti náwó rẹpẹtẹ lé lórí báyìí, tó sì jẹ́ pé họ́ọ̀sì kan tí kò nípọn ju ìka ọwọ́ lọ ló là nídìí. Ìyẹn máa ń dùn mí, nítorí ibi tí fákúùmù ti ń jò ṣeé wá rí kí ẹ tó ra ohunkóhun.

Ẹ́ńjìnnì pẹtiróòlù ni mò ń bá wí. Ti dísẹ̀lì yàtọ̀: páǹpù lọ́tọ̀ ló sábà máa ń ṣe fákúùmù tí bíréèkì rẹ̀ ń lò, àìsàn rẹ̀ kì í sì í rí bákan náà.

Ìdí tí ihò kékeré fi ń da ẹ́ńjìnnì láàmú

Ẹ́ńjìnnì máa ń fa afẹ́fẹ́ bí ẹni tó ń fi páìpù fa omi mu. Bí pístìnnì ṣe ń lọ sísàlẹ̀ ló ń fà á. Ṣùgbọ́n awẹ́ tírọ́tù wà lẹ́nu ọ̀nà, bí a kò bá sì tẹná, awẹ́ náà ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pa dé tán. Pístìnnì ń fà, ẹnu ọ̀nà há, mánífóòdù tó wà láàárín wọn á wá ṣófo. Òfìfo tó ń fa nǹkan mọ́ra yìí ni fákúùmù. Bí a bá fi géèjì wọ̀n ọ́n lára ẹ́ńjìnnì tó gbóná, tí ara rẹ̀ le, tó ń ṣiṣẹ́ láìtẹná (àwọn mẹkáníìkì ń pe ipò yìí ní sílóò, èmi náà á sì máa pè é bẹ́ẹ̀), ó sábà máa ń wà láàárín ínṣì mákúrì 17 sí 22, abẹ́rẹ́ á sì dúró ṣinṣin. Bí ẹ bá ń gbé lórí òkè, iye náà á máa dín ní nǹkan bí ínṣì 1 fún gbogbo ẹsẹ̀ bàtà 1,000 tí ẹ bá fi ga ju etí òkun lọ, nítorí náà ẹ má fi géèjì tó ka 16 dá ẹ́ńjìnnì lẹ́bi níbẹ̀.

Ṣáájú tírọ́tù ni sẹ́ńsọ̀ MAF jókòó sí. Òun ni oníbodè. Gbogbo afẹ́fẹ́ tó bá gba ẹnu ọ̀nà kọjá, ó ń kà á, ó ń sọ fún kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á sì bu epo tó bá a mu: bí a bá fi òṣùwọ̀n gbé e, afẹ́fẹ́ ìdá 14.7 sí epo ìdá 1. Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká ní ògiri ti lu lẹ́yìn oníbodè. Afẹ́fẹ́ kan ń gba ẹ̀yìnkùlé wọlé tí ẹnikẹ́ni ò kà. Epo tí kọ̀ǹpútà bù kò ní tó mọ́. Sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn tó wà lójú ọ̀nà èéfín á rí i pé afẹ́fẹ́ ṣẹ́kù, á ké sí kọ̀ǹpútà, kọ̀ǹpútà á máa fi epo kún un. Nígbà tó bá fi kún un dé ibi tí agbára rẹ̀ mọ, á tan iná, á sì kọ kóòdù P0171 sílẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ní apá méjì bíi ti V6 tàbí V8, P0174 ni ti apá kejì. Kóòdù P0300 tàbí àwọn tó tẹ̀ lé e, tó ń sọ pé sìlíńdà kan kì í jó dáadáa, lè bá wọn rìn.

Ohun kan wà tí gbogbo iṣẹ́ yìí dúró lé lórí. Ihò náà kì í tóbi sí i, kì í kéré sí i. Nígbà sílóò, afẹ́fẹ́ tí ẹ́ńjìnnì ń mu kéré, fákúùmù sì lágbára, nítorí náà afẹ́fẹ́ ẹ̀yìnkùlé á kó ìpín ńlá nínú gbogbo ohun tó wọlé. Bí ẹ bá tẹná tí ìyípo dé 2,500, ojú ọ̀nà gidi ti ṣí, afẹ́fẹ́ tó ń wọlé ti pọ̀ gan-an, ti ẹ̀yìnkùlé á dà bí ẹni da omi ife kan sínú odò. Ẹ́ńjìnnì tí fákúùmù rẹ̀ ń jò máa ń ṣàìsàn nígbà tó bá dúró, ara rẹ̀ á sì yá nígbà tó bá ń sáré. Ọkọ̀ tó bá ń ṣe ìdàkejì, ohun mìíràn ló ń ṣe é.

Kì í ṣe gbogbo ọkọ̀ ló ní MAF. Àwọn kan ń lo sẹ́ńsọ̀ MAP, tó ń wọn fákúùmù inú mánífóòdù fúnra rẹ̀. Níbi tí wọ́n ti ń lo MAP, afẹ́fẹ́ tó yọ́ wọlé á dín fákúùmù kù, sẹ́ńsọ̀ á rí i, kọ̀ǹpútà á sì bu epo tó bá a mu. Epo àti afẹ́fẹ́ lè wà déédéé, kí P0171 má yọjú rárá, ṣùgbọ́n kí sílóò ga ju bó ṣe yẹ, kí kóòdù P0507 wá jáde. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti pàdánù ọjọ́ méjì lórí irú ọkọ̀ yìí nítorí pé wọ́n ń retí àmì tí kò ní í wá. Kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, ẹ wò ó bóyá sẹ́ńsọ̀ wà lára páìpù tó jáde láti inú àpótí àlẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́. Bí kò bá sí, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ MAP ló ń lò.

Àmì tí ẹ máa kọ́kọ́ rí

Ìró ṣíí-ṣíí bíi ti ejò lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Sílóò tó ga tàbí tí kò dúró. Ẹ́ńjìnnì tó ń gbọ̀n, tó sì ń kú nígbà tí ẹ bá dé iwájú iná ojú pópó. Epo tó ń tètè tán. Bí ọkọ̀ bá burú ní òwúrọ̀ kùtù, tó sì ń dára sí i bó ṣe ń gbóná, gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù (ohun pẹlẹbẹ tó dí àárín mánífóòdù àti orí ẹ́ńjìnnì) ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí, nítorí òtútù máa ń sún un kì, ooru á sì tún fẹ̀ ẹ́ padà dí ojú ibi tó ń jò.

Àmì kan wà tí mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni fojú fò. Bí ẹsẹ̀ bíréèkì bá le gbagidi, tí ẹ ní láti fi gbogbo agbára tẹ̀ ẹ́ kí ọkọ̀ tó dúró, fákúùmù tó ń ran bíréèkì lọ́wọ́ ti lọ. Ẹ má wa ọkọ̀ náà kúrò níbi tó wà. Bíréèkì rẹ̀ ṣì lè mú, ṣùgbọ́n kò ní mú láàárín àyè tí ẹ ti máa ń fi ojú díwọ̀n tẹ́lẹ̀.

Kí ọwọ́ tó kan ẹ́ńjìnnì

Ẹ gbé ọkọ̀ síbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́, kì í ṣe inú gàráàjì tí wọ́n tì pa, nítorí èéfín ẹ́ńjìnnì máa ń pani láìjẹ́ kéèyàn mọ̀. Ẹ fa bíréèkì ọwọ́, ẹ fi jíà sí páàkì tàbí níútírà, ẹ fi nǹkan dí táyà. Ẹ ká apá aṣọ sókè, ẹ bọ́ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka, ẹ di irun tó bá gùn: bẹ́líìtì àti fáànù kì í ṣàánú ẹnikẹ́ni, fáànù oníná sì lè dédé bẹ̀rẹ̀ sí í yí. Ẹ gbé agolo tí wọ́n fi ń paná sítòsí. Ohun èlò tó pọ̀ jù nínú iṣẹ́ yìí kò wọ́n: iná tọ́ọ̀ṣì, skánà (ẹ̀rọ tó ń ka ohun tí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ ń sọ), họ́ọ̀sì rọ́bà bí ìwọ̀n apá kan, ẹ̀mú tí ẹnu rẹ̀ kò mú, ìgò ìfọ́nmi, àti ìwé tí ẹ máa fi kọ nọ́ńbà sílẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìíní: ẹ bi kọ̀ǹpútà léèrè

Ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún ọjà Amẹ́ríkà láti ọdún 1996 ní ojú ìsopọ̀ OBD-II lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù, ti pẹtiróòlù tuntun ní Yúróòpù sì ní in láti 2001. Skánà tó lè fi nọ́ńbà hàn bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ ni ẹ nílò. Èyí tó kàn ń ka kóòdù nìkan kò tó. Ẹ wá STFT àti LTFT. STFT ni epo tí kọ̀ǹpútà ń fi kún un tàbí ń yọ kúrò ní ìṣẹ́jú àáyá yìí. LTFT ni èyí tó ti kọ́ láti ìgbà pípẹ́, tó ti di àṣà rẹ̀. Ìdá ọgọ́rùn-ún ni wọ́n fi ń kà wọ́n. Nọ́ńbà tó ní àmì ìròpọ̀ túmọ̀ sí pé ó ń fi epo kún un, èyí tó ní àmì ìyọkúrò túmọ̀ sí pé ó ń dín in kù. Ẹ ro méjèèjì pọ̀. Bí àròpọ̀ bá wà láàárín −10 sí +10, kò sí ìyọnu.

Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì gbóná dáadáa kẹ́ ẹ tó kà á, nítorí nígbà tó bá tutù, kọ̀ǹpútà kì í tíì fetí sí sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn. Ẹ kọ àròpọ̀ sílẹ̀ ní sílóò. Kẹ́ ẹ tẹná, kẹ́ ẹ di ìyípo mú sí 2,500 fún ìṣẹ́jú kan, kẹ́ ẹ tún kọ ọ́. Nọ́ńbà méjì yìí ni ẹ máa fi dá ẹjọ́.

Bí sílóò bá jẹ́ +20 tí 2,500 sì jẹ́ +3, fákúùmù ń jò. Ẹ máa bá ìtọ́sọ́nà yìí lọ. Bí sílóò bá jẹ́ +4 tí 2,500 sì fò sókè sí +18, ẹ fi họ́ọ̀sì sílẹ̀ kẹ́ ẹ lọ wo páǹpù epo, àlẹ̀mọ́ epo, tàbí MAF tó dọ̀tí. Bí méjèèjì bá ga bákan náà, ó lè jẹ́ epo ni kò tó, ó lè jẹ́ MAF ló ń ka iye tí kò pé, ó sì lè jẹ́ ihò ńlá. Bí apá kan ẹ́ńjìnnì bá ga tí apá kejì sì wà déédéé, ibi tó ń jò wà nítòsí apá tó ga yẹn, bóyá gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù rẹ̀ tàbí òrùka rọ́bà ìdí ọ̀kan nínú àwọn nọ́súlù tó ń fọ́n epo. Ẹ̀tàn kan tún wà: bí mánífóòdù èéfín bá là ṣáájú sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn, afẹ́fẹ́ ìta lè wọ ibẹ̀, kí sẹ́ńsọ̀ rò pé epo kò tó. Ẹ fetí sí i bóyá ó ń ró ták-ták-ták nígbà tí ẹ́ńjìnnì ṣì tutù.

Bí ẹ ò bá ní skánà, géèjì fákúùmù tí ẹ bá so mọ́ ihò kan lára mánífóòdù lè ràn yín lọ́wọ́. Abẹ́rẹ́ tó dúró ṣinṣin ṣùgbọ́n tó wà nísàlẹ̀ 15 lè jẹ́ fákúùmù tó ń jò, ó sì lè jẹ́ iná púlọ́ọ̀gì tó ń pẹ́ kó tó ṣẹ́. Mo fẹ́ràn skánà jù, nítorí ó ń yà wọ́n sọ́tọ̀.

Ìgbésẹ̀ kejì: ojú àti ìka ọwọ́

Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ara páìpù ńlá tó ti ara MAF lọ sí tírọ́tù. Ara rẹ̀ ní ìkákò bíi ti kòkòrò, àárín ìkákò wọ̀nyẹn ló sì máa ń là. Ẹ yẹ̀ ẹ́ síhìn-ín sọ́hùn-ún, ẹ ṣí ojú ìkákò kọ̀ọ̀kan, kí iná tọ́ọ̀ṣì tàn sí i. Ẹ wo àwọn kílíìpù rẹ̀. Bí ẹnìkan bá ti pààrọ̀ àlẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́ láìpẹ́ yìí, ó ṣeé ṣe kó gbàgbé kílíìpù kan, ibi yìí sì ni mo sábà máa ń bá wàhálà bí àìsàn náà bá bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì tí ọkọ̀ ti ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì dé.

Lẹ́yìn èyí, ẹ tọpa gbogbo họ́ọ̀sì kékeré tó wọ inú mánífóòdù láti ìdí dé orí. Rọ́bà tó ti gbó máa ń le bí igi, tàbí kó rọ̀ pẹ̀tẹ̀pẹ̀tẹ̀ níbi tí ọ́ìlì ti ń bá a. Ibi tó ti tẹ̀ kọrọ̀ àti ibi tó ti wọ ẹnu páìpù ló máa ń kọ́kọ́ lọ. Ẹ má gbẹ́kẹ̀ lé ojú nìkan. Ọkọ̀ kan wà tí wọ́n gbé wá bá mi, wọ́n ti pààrọ̀ MAF àti sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn rẹ̀ níbòmíràn. Ní sílóò ó ń ka +22, ní 2,500 ó ń ka +4. Mo yẹ gbogbo họ́ọ̀sì wò, wọ́n mọ́ tónítóní. Ìgbà tí mo ki ìka bọ abẹ́ họ́ọ̀sì PCV (èyí tó ń fa èéfín inú ibi tí ọ́ìlì wà padà sínú mánífóòdù), ní apá tó kọjú sí ara ẹ́ńjìnnì, ni mo tó fọwọ́ kan ojú lílà tó gùn tó èékánná. Kò sí ọ̀nà tí ojú fi lè dé ibẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ìka mi máa ń yí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan po kí n tó ní ó dára.

Ìgbésẹ̀ kẹta: etí

Ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ pa rédíò àti ẹ̀rọ amúlétutù. Ẹ fi ẹnu họ́ọ̀sì rọ́bà tí mo ní kẹ́ ẹ mú wá kan etí, kẹ́ ẹ máa fi ẹnu kejì wá kiri yí mánífóòdù ká, ìdí tírọ́tù, ìdí họ́ọ̀sì kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà ni o, kì í ṣe irin, nítorí bátìrì àti wáyà wà níbẹ̀. Kí ẹnu rẹ̀ sì jìnnà sí bẹ́líìtì. Ohùn ṣíí-ṣíí tó ti pọ̀ káàkiri lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì á wá dá dúró sí ojú kan ṣoṣo. Nọ́súlù epo máa ń ró tíkì-tíkì-tíkì, ìyẹn kì í ṣe àìsàn.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: ẹ fún họ́ọ̀sì pa ní ọ̀kọ̀ọ̀kan

Ọ̀nà tí mo fẹ́ràn jù nìyí, nítorí kò ní iná, kò ní èéfín, ó sì ń sọ òtítọ́. Ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì wà ní sílóò, kí skánà sì máa fi STFT hàn. Ẹ fi aṣọ wé ẹnu ẹ̀mú, ẹ fún họ́ọ̀sì kan pa díẹ̀díẹ̀ ní ìdí ibi tó ti kúrò lára mánífóòdù. Ẹ ka ookan dé ẹ̀wá. Bí STFT bá já wálẹ̀ láti +20 sí +5, tàbí tí ìyípo yí padà kíá, ohun tó ń jò wà lára họ́ọ̀sì náà tàbí lẹ́yìn rẹ̀, níbi tó ń lọ. Ẹ tú u sílẹ̀, ẹ bọ́ sórí òmíràn. Rọ́bà tó ti gan kò ṣeé fún, ó máa ṣẹ́. Irú èyí, ẹ yọ ọ́ kúrò kẹ́ ẹ fi ìdérí rọ́bà dí ẹnu páìpù rẹ̀ dípò.

Họ́ọ̀sì PCV gbọ́dọ̀ jẹ́ kí afẹ́fẹ́ díẹ̀ kọjá, nítorí náà bí ẹ bá fún un pa, ìyípo á yí padà díẹ̀ lára ọkọ̀ tí ara rẹ̀ le pàápàá. Ìyípadà ńlá ni kí ẹ máa wá.

Nípa ọ̀nà yìí náà ni ẹ máa fi mú afurasí kan tí ọ̀pọ̀ kì í ronú kàn: fáàfù tó ń tú òórùn epo láti táńkì sínú mánífóòdù. Bí ó bá há ní ṣíṣí, kò sí họ́ọ̀sì tó là, kò sì ní sí ìró, ṣùgbọ́n òórùn epo àti afẹ́fẹ́ tí a kò kà á máa wọlé. Bí ọkọ̀ bá máa ń ṣòro láti tan kété tí ẹ bá ra epo tán, òun ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ fún pa.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: ohun tí ẹ̀mú kò lè fún

Gásíkẹ́ẹ̀tì kò ṣeé fi ẹ̀mú fún. Omi ni ẹ fi máa bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi ìgò ìfọ́nmi fọ́n omi fẹ́ẹ́rẹ́ sí ibi tí mánífóòdù ti kan orí ẹ́ńjìnnì, sìlíńdà kan lẹ́ẹ̀kan, ẹ yàgò fún ojú ìsopọ̀ wáyà àti kọ́ìlì. Omi á dí ihò náà fún ìgbà díẹ̀, tàbí kó wọ inú rẹ̀, ohùn ẹ́ńjìnnì á sì yí padà.

Bí omi kò bá sọ nǹkan kan, àwọn kan máa ń lo agolo omi ìfọ kábúrétọ̀. Ó ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ó ń gbiná, mánífóòdù èéfín tó gbóná sì wà nítòsí. Ìfọ́n kúkúrú, ibi kan ṣoṣo, kẹ́ ẹ dúró díẹ̀ kẹ́ ẹ tó fọ́n ibòmíràn. Ẹ má fọ́n ọn sí ojú ọ̀nà èéfín, ẹ má sì fọ́n ọn nítòsí ẹnu àlẹ̀mọ́ afẹ́fẹ́, nítorí á gba ẹnu ọ̀nà gidi wọlé, á sì tàn yín jẹ. Omi ìfọ bíréèkì tó ní klórínì nínú kò yẹ níbẹ̀ rárá: bó bá jóná, gáàsì olóró ló ń dà. Gáàsì propane tí ẹ kò tanná sí, tó ń gba họ́ọ̀sì tínrín jáde díẹ̀díẹ̀, tọ́ka sí ibi tó ń jò ju agolo lọ, ṣùgbọ́n òun náà lè gbiná, ẹni tó bá ti mọ ọwọ́ rẹ̀ ni kó lò ó. Èyíkéyìí tí ẹ bá lò, ẹ má retí pé ìyípo á fò sókè dandan, nítorí kọ̀ǹpútà òde òní máa ń tètè tún un ṣe. STFT ni kẹ́ ẹ máa wò: bí epo àjèjì bá gba ihò wọlé, á já wálẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: èéfín

Bí gbogbo èyí ò bá fi hàn, ẹ̀rọ èéfín ló kù. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ dí ẹnu ọ̀nà afẹ́fẹ́, ẹ fi èéfín ránṣẹ́ gba họ́ọ̀sì fákúùmù kan, kẹ́ ẹ sì ní sùúrù bí ìṣẹ́jú méjì sí mẹ́ta kí gbogbo inú rẹ̀ tó kún. Agbára tó ń tì í kò gbọ́dọ̀ ju nǹkan bí psi 1 lọ. Èyí tó bá jù bẹ́ẹ̀ lè fa ihò tuntun. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì láti ẹ̀gbẹ́, èéfín fẹ́ẹ́rẹ́ á hàn. Bí díẹ̀ bá gba ẹnu páìpù èéfín jáde lẹ́yìn ọkọ̀, ẹ má ṣàníyàn, fáàfù ẹ́ńjìnnì kan lè wà ní ṣíṣí níbi tó dúró sí.

Èéfín kò mọ gbogbo nǹkan. Lára àwọn ẹ́ńjìnnì V kan, gásíkẹ́ẹ̀tì lè lu ní ìsàlẹ̀, kó máa fa afẹ́fẹ́ láti inú ibi tí ọ́ìlì wà. Kò sí ohun tó máa hàn níta. Ẹ dí họ́ọ̀sì PCV àti ti ìmí ẹ́ńjìnnì fún ìgbà díẹ̀, ẹ tan ẹ́ńjìnnì, ẹ fa ọ̀pá tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì yọ kẹ́ ẹ fi ọwọ́ dí ẹnu rẹ̀. Ó yẹ kó máa ti ọwọ́ yín. Bó bá ń fa ọwọ́ yín mọ́ra, ẹ ti rí i. Ẹ má jẹ́ kó pẹ́, ẹ tú wọn padà kíá.

Bíréèkì àti PCV

Méjèèjì yìí ní ìdánwò tiwọn. Fún búsítà bíréèkì (ohun tó ń fi fákúùmù ran ẹsẹ̀ yín lọ́wọ́ láti tẹ bíréèkì), ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀mẹ́rin tàbí márùn-ún títí á fi le. Ẹ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, kẹ́ ẹ wá tan ẹ́ńjìnnì. Ó yẹ kí ẹsẹ̀ yín sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá sọ̀, fákúùmù kò dé ibẹ̀: ẹ wo họ́ọ̀sì rẹ̀ àti fáàfù kékeré tó wà lójú rẹ̀, tó yẹ kí ẹ lè fa afẹ́fẹ́ gbà lápá kan ṣoṣo. Bí ẹ bá ń gbọ́ ṣíí lábẹ́ dáṣíbọ́ọ̀dù tí ìyípo sì ń yí nígbà tí ẹ bá tẹ bíréèkì, rọ́bà inú búsítà ti ya. Odindi búsítà ni ẹ máa pààrọ̀.

PCV ti ọkọ̀ ìgbàlódé kan ní awọ rọ́bà pẹlẹbẹ nínú. Bí awọ náà bá ya, ẹ́ńjìnnì á máa súfèé, ìdérí ọ́ìlì á sì lẹ̀ mọ́lẹ̀ débi pé ó ṣòro láti ṣí nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Lára irú ẹ́ńjìnnì bẹ́ẹ̀, fífa tó lágbára níbẹ̀ ni àmì tó dájú jù.

Títún un ṣe

Bí họ́ọ̀sì bá là ní etí nìkan tó sì gùn tó, ẹ gé ibi tó là, kẹ́ ẹ tì í padà. Ṣùgbọ́n bí ara rẹ̀ bá ti gan, ẹ pààrọ̀ rẹ̀, ẹ sì pààrọ̀ àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ dàgbà. Ihò inú họ́ọ̀sì tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ mu. Ti bíréèkì gbọ́dọ̀ nípọn, irú èyí tí wọ́n ṣe fún fákúùmù, àìjẹ́bẹ́ẹ̀ á wó pọ̀ sínú. Ti PCV gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí ọ́ìlì kò lè jẹ. Họ́ọ̀sì sílíkónì lásán dára lójú, ọ́ìlì àti epo ló sì máa bà á jẹ́. Fún títì í wọlé, omi ọṣẹ díẹ̀ tó, kì í ṣe gíríìsì. Téèpù tí ẹ bá wé mọ́ ojú lílà lè gbé yín dé ilé, mi ò ní kí ẹ fi ṣe àtúnṣe. Gọ́ọ̀mù sílíkónì tí wọ́n ń fọ́n láti inú túùbù, ẹ má fi dí mánífóòdù láìjẹ́ pé ìwé ọkọ̀ sọ bẹ́ẹ̀. Ó lè já sínú ẹ́ńjìnnì, òórùn rẹ̀ sì lè ba sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn jẹ́.

Gásíkẹ́ẹ̀tì mánífóòdù ni iṣẹ́ tó ń gba ọjọ́. Ẹ tú agbára epo kúrò lójú ọ̀nà epo, ẹ yọ apá òdì bátìrì, ẹ ya fọ́tò kẹ́ ẹ tó tú nǹkan kan. Bí omi rediétọ̀ bá gba inú mánífóòdù kọjá, ẹ fà á dànù kọ́kọ́. Gbàrà tí mánífóòdù bá kúrò, ẹ fi aṣọ mímọ́ dí ẹnu sìlíńdà kọ̀ọ̀kan, ẹ ka iye aṣọ tí ẹ lò. Nọ́ọ̀tì kan tó bá já sínú sìlíńdà lè sọ ẹ́ńjìnnì di aláìwúlò. Ẹ fi ohun èlò oníke họ gásíkẹ́ẹ̀tì àtijọ́, kì í ṣe ọ̀bẹ, nítorí ojú alumíníọ̀mù tó bá ti ha máa tún jò. Ẹ gbé irin títọ́ lé ojú mánífóòdù, kẹ́ ẹ wò ó bóyá ìmọ́lẹ̀ ń kọjá lábẹ́ rẹ̀. Èyí tó bá ti tẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tuntun kò ní ràn án lọ́wọ́.

Nígbà tí ẹ bá ń dì í padà, ẹ fi ọwọ́ yí gbogbo bóòtì wọlé kọ́kọ́. Lẹ́yìn náà, ẹ lo sípánà tó ń wọn agbára, kẹ́ ẹ bẹ̀rẹ̀ láti àárín máa lọ sí etí, ní ìpele méjì tàbí mẹ́ta, bí ìwé ọkọ̀ yín bá ṣe tò ó. Mánífóòdù oníke kò fẹ́ agbára púpọ̀ rárá. Ọ̀pọ̀ ló ti rò pé dídì gan-an ni ìdáàbòbò, wọ́n sì ti fọ́ mánífóòdù tuntun bẹ́ẹ̀. Òrùka rọ́bà nọ́súlù náà, ẹ pààrọ̀ wọn nígbà tí wọ́n bá ti jáde, ẹ fi ọ́ìlì mímọ́ kíún pa wọ́n lára kẹ́ ẹ tó tì wọ́n padà.

Lẹ́yìn àtúnṣe

Kẹ́ ẹ tó tan ẹ́ńjìnnì, ẹ yí kọ́kọ́rọ́ dé ibi tí páǹpù epo ti ń ṣiṣẹ́, ẹ pa á, ẹ tún un ṣe, kẹ́ ẹ wò ó bóyá epo ń jò níbi tí ẹ ti tú. Lẹ́yìn náà ẹ tan án, kó gbóná, láìtan iná tàbí amúlétutù. Sílóò lè ṣe ségesège fún ìṣẹ́jú mélòó kan bí ẹ bá ti yọ bátìrì, nítorí kọ̀ǹpútà ń kọ́ ibi tó yẹ kí tírọ́tù dúró sí. Àwọn ọkọ̀ kan tilẹ̀ ní ètò kan pàtó fún un nínú ìwé wọn.

Bí ẹ ò bá tíì pa kóòdù rẹ́, ẹ máa rí ohun kan tó máa ń já àwọn èèyàn láyà: LTFT ṣì wà ní +18, STFT sì ti rì sí −16. Kì í ṣe àìsàn tuntun. Kọ̀ǹpútà ṣì ń bu epo bíi ti ìgbà tí ihò wà, sẹ́ńsọ̀ ọ́síjìn sì ń sọ fún un pé ó ti pọ̀ jù. Àròpọ̀ wọn, +2, ni kẹ́ ẹ wò. Ẹ pa kóòdù náà rẹ́, ẹ wa ọkọ̀ fún ọjọ́ díẹ̀, kẹ́ ẹ tún kọ nọ́ńbà méjì náà sílẹ̀, ní sílóò àti ní 2,500, sórí ìwé kan náà tí ẹ fi bẹ̀rẹ̀. Bí wọ́n bá ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, tí àwọn méjèèjì sì sún mọ́ òdo, ihò náà ti dí. Bí sílóò bá ṣì wà ní +9 nígbà tí 2,500 wà ní 0, bí kò tilẹ̀ tíì kọjá +10, ó ṣeé ṣe kí ihò kejì ṣì wà níbì kan. Ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin pẹ̀lú ẹ̀mú yín.